Bí Ẹ Ṣe Lè Tú Fíìmù Adẹ́rùbani àti Thriller Palẹ̀: Ta Ló Mọ̀, Ta Ni Kò Mọ̀?

Ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fíìmù adẹ́rùbani tán pé kí ló bà á lẹ́rù nínú rẹ̀. Ohun kan náà ló sábà máa ń kà sílẹ̀: ibẹ̀ ṣókùnkùn, orin rẹ̀ ń mú àyà já, nǹkan kan sì fò jáde lójijì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kíkà lásán nìyẹn, kò tíì di ìtúpalẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù ló kún fún òkùnkùn àti ariwo tí àwọn tó ń wò ó sì ń sùn lọ fọnfọn.

Ìbéèrè tó ń tú irú fíìmù yìí sílẹ̀ jù, lójú tèmi, kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló mọ kí ni, ìgbà wo ló sì mọ̀ ọ́n? Ẹni mẹ́ta la ó máa béèrè rẹ̀ nípa wọn: ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá, ẹni tó gbé ewu náà dání, àti àwa tí a jókòó tí à ń wò. Iná, òjìji, ibi tí kámẹ́rà dúró sí, orin, bí wọ́n ṣe gé e, ohun tí wọ́n fi ń pín ìmọ̀ láàárín àwọn mẹ́ta yìí ni gbogbo rẹ̀.

Alfred Hitchcock, olùdarí fíìmù, ṣàlàyé rẹ̀ fún François Truffaut, olùdarí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀ lọ́dún 1962. Ó ní ká sọ pé bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì tí àwọn kan jókòó tì, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí. Bí a kò bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tó wá bú gbàmù, a ó ta gìrì fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ó parí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi bọ́ǹbù náà hàn wá, tí a tún ń rí aago, ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí yẹn yóò gba gbogbo ọkàn wa fún ìṣẹ́jú 15. Ó máa ń ṣe wá bíi ká pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n dìde níbẹ̀. Bọ́ǹbù kan náà ni, tábìlì kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ibi kékeré

Ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù náà tán látòkèdélẹ̀ láì mú bírò dání. Ẹ jẹ́ kó bà yín lẹ́rù bó bá fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mú ìran kan ṣoṣo tí kò ju ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tú odindi fíìmù wákàtí méjì palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìtàn inú rẹ̀ ló máa tún sọ fún wa. Ibi tí ariwo ti pọ̀ jù kọ́ ló sì dára jù láti mú. Ẹ wá ibi tí ọkàn yín ti kọ́kọ́ kọ̀ tí kò balẹ̀ mọ́, nígbà tí ohunkóhun ò tíì ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùdarí pọ̀ sí. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó parí sílẹ̀ bó ṣe hàn lójú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wò ó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ṣé thriller ni àbí adẹ́rùbani?

Ẹ má pẹ́ níbí. Thriller máa ń mú wa béèrè pé, ṣé ó máa bọ́, ṣé wọ́n máa mú un, ṣé àkókò ò ní tán? Ewu inú rẹ̀ jẹ́ ohun tí ọlọ́pàá lè mú, tí ìbọn lè pa. Fíìmù adẹ́rùbani ní tirẹ̀ ń mú wa béèrè pé, kí tilẹ̀ ni nǹkan yìí? Òkú tó ń rìn, ẹni tí wọ́n yìnbọn fún tí kò kú. Ọ̀pọ̀ fíìmù ló fẹsẹ̀ kan síhìn-ín, tó fẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún. Jaws tí Steven Spielberg darí lọ́dún 1975 jẹ́ adẹ́rùbani nígbà tí ohun tí a kò rí bá ń fa ènìyàn wọ abẹ́ omi. Nígbà tí ọkùnrin mẹ́ta bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti lọ dọdẹ ẹja apànìyàn náà, thriller ló dà. Ẹ kọ èyí tí ìran tiyín fara mọ́ jù, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Iyàn jíjà lórí orúkọ kì í so èso.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣí ìwé ìmọ̀

Ẹ pín ojú ìwé kan sí mẹ́ta: òun (ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá), ọ̀tá, àwa. Ìgbàkígbà tí nǹkan bá yí padà nínú ìran náà, ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín in kò pọ̀ rárá. A lè mọ̀ ju òun lọ, bíi ti bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì. Ó lè jẹ́ ìwọ̀nba ohun tó mọ̀ ni àwa náà mọ̀, tí a ó jọ máa táràrà nínú òkùnkùn. Òun náà sì lè mọ̀ jù wá lọ, tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i.

Psycho, fíìmù Hitchcock ti ọdún 1960, ló dára láti fi kọ́ èyí, àmọ́ kì í ṣe ibi tí gbogbo ayé ń sọ. Gbogbo ayé ń sọ ti obìnrin tí wọ́n gún lọ́bẹ nínú balùwẹ̀. Ẹ lọ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Marion Crane tó jí 40,000 dọ́là gbé, tí a ti ń bá bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ti kú kí fíìmù tó dé ìdajì. Kò sẹ́ni tó retí pé wọ́n lè pa olú ẹ̀dá ìtàn níbẹ̀. Hitchcock pàápàá ní kí àwọn ilé sinimá má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá ku àwa nìkan, a ò rẹ́ni bá lọ mọ́. Norman Bates, ẹni tó ń bójú tó ilé ìtura tí Marion wọ̀ sí, wọlé, ó nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀, ó di òkú náà, ó gbé e sínú bùùtù ọkọ̀, ó sì ti ọkọ̀ náà sínú irà. Ọkọ̀ ń rì. Ó dúró. Kò rì mọ́. Norman ń wò yán-ànyán-àn.

Ẹ ṣọ́ ara yín níbẹ̀ yẹn. Ó ti ń wù yín kó rì. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ló ń dùn yín ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ sì ti ń bá ẹni tó ń gbé òkú rẹ̀ pamọ́ mikàn. Ìwé ìmọ̀ yín ló máa sọ ohun tó fà á. A kò mọ àṣírí Norman àti "ìyá" rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà á lẹ́rù ní wákàtí yìí, a mọ̀ ọ́n délẹ̀. A tún mọ ohun kan tí òun kò mọ̀: owó náà wà nínú ìwé ìròyìn tó kàn jù sínú bùùtù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wo shot kọ̀ọ̀kan

Shot ni gbogbo ohun tí kámẹ́rà gbà láti ibi gígé kan dé ibi gígé tó tẹ̀ lé e. Ẹ pa ohùn fíìmù náà, kí ẹ kọ shot kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀: bó ṣe pẹ́ tó, bí kámẹ́rà ṣe sún mọ́ ènìyàn tó, ibi tó dúró sí, ibi tí iná ti ń wá, àti ojú ẹni tí à ń fi wò ó. Iṣẹ́ yìí máa ń súni, kò sí ọ̀nà àbùjá. Iye shot kò já mọ́ nǹkan títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń gé e wàràwàrà àti ibi tí wọ́n ti jẹ́ kó falẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé á sọ fún yín pé bí kámẹ́rà bá ń wo ènìyàn látòkè, wọ́n ń sọ ọ́ di aláìlágbára nìyẹn. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú Psycho, nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gun àtẹ̀gùn ilé Norman, kámẹ́rà lọ sókè téńté. Hitchcock fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀kan nínú ìdí tóun fi gbé e síbẹ̀ ni kí a má bàa rí ojú "ìyá" tó jáde wá gún un, láì jẹ́ kó dà bíi pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ló tún dà. Kí ẹ tó lo ìtumọ̀ tí ẹ kọ́ nínú ìwé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ibi tí kámẹ́rà dúró sí jẹ́ ká rí, àti ohun tí kò jẹ́ ká rí.

Ibi tó ṣófo nínú férémù, ìyẹn gbogbo ohun tí kámẹ́rà jẹ́ ká rí lẹ́ẹ̀kan náà, ni kí ẹ fi ojú sí jù. Bí wọ́n bá ti ẹ̀dá ìtàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ lófìfo pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ojú wa ò ní kúrò lára ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ padà sí balùwẹ̀ Marion. Inú ibi tí omi ti ń dà ni kámẹ́rà wà, kọ́tìnì wà lẹ́yìn Marion. Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn kọ́tìnì náà, òjìji kan wọlé, kámẹ́rà sì ń sún lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí Marion fi bọ́ kúrò nínú férémù. Ó ń wẹ̀ ní tirẹ̀. Àwa ti rí i. Kò tíì sí ọ̀bẹ, kò tíì sí igbe, àyà ti já. F. W. Murnau ti mọ ọgbọ́n òjìji yìí láti ọdún 1922 nínú Nosferatu, níbi tí a kò ti rí ara apànìyàn náà bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn, òjìji rẹ̀ lára ògiri nìkan là ń rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè pé ojú ta nìyí. Nínú Halloween, tí John Carpenter darí lọ́dún 1978, kámẹ́rà yí ilé kan po lálẹ́, ó yọjú lójú fèrèsé wo ọmọbìnrin kan àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ó gba ilé ìdáná wọlé. Ọwọ́ kan nà jáde, ó mú ọ̀bẹ. Ó gun òkè, ó dé ìbòjú, láti ìgbà náà sì ni a ti ń wo ohun gbogbo gba ihò ojú ìbòjú yẹn. Ọmọbìnrin náà kú. Ìgbà tí ẹnì kan ṣí ìbòjú náà níta ni kámẹ́rà tó yí padà tí a sì rí ẹni tó wọ̀ ọ́: ọmọ ọdún mẹ́fà. Ojú apànìyàn la ti ń yá lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó rí ni a rí, ṣùgbọ́n òun gan-an la ò rí. Látìgbà tí wọ́n bá ti ṣe èyí fún wa lẹ́ẹ̀kan, bí kámẹ́rà bá tún dúró lẹ́yìn igi tó ń wo ẹnì kan, a ó gbà pé ẹnì kan ló ń ṣọ́ ọ. Olùdarí tó gbọ́n lè wá gbé kámẹ́rà síbẹ̀ láì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ bo àwòrán, kí ẹ gbọ́ ohùn

Ẹ yí ojú ẹ̀rọ náà sódì, kí ẹ gbọ́ ìran náà tán. Ẹ kọ ibi tí orin ti wọlé, ibi tó ti dákẹ́, àti ìró tí ẹ kò mọ ibi tó ti ń wá.

Orin inú Jaws, tí John Williams kọ, gbájú mọ́ ohùn méjì péré tó ń yára sí i bí ewu ṣe ń sún mọ́lé. Ẹja ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún fíìmù náà ń bàjẹ́ léraléra nínú omi iyọ̀, nítorí náà orin yìí àti àgbá aláwọ̀ yẹ́lò tó léfòó sórí omi ló máa ń dúró fún ẹja náà tí a kì í rí i. Ẹ wá wo ibi tí àwọn ọmọkùnrin méjì ti ń fi ayédèrú lẹbẹ́ ẹja dẹ́rù ba àwọn tó ń wẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń sá, ṣùgbọ́n orin yẹn kò dún. Ńṣe ló dà bíi pé fíìmù náà bá wa dá májẹ̀mú: bí orin ò bá dún, ẹja kò sí níbẹ̀. A gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, Brody, ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà lára àwọn ọdẹ mẹ́ta náà, ń da oúnjẹ ẹja sínú omi lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń ráhùn, orin kankan ò dún, orí ẹja ńlá sì yọ lójijì. Wọ́n da májẹ̀mú. Bí ẹ bá kàn kọ pé "orin mú kí ẹ̀rù bani", gbogbo èyí ló fò yín dá.

Ìdẹ́rùbà irọ́ ńkọ́? Nínú Cat People (1942), tí Jacques Tourneur darí, obìnrin kan ń dá rìn lálẹ́, a sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin mìíràn, tí ìtàn náà mú wa gbà pé ó lè di ẹranko, lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà dákẹ́. Ó yára, ó bojú wẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan. A ti ń retí ẹranko. Ìró kan bú jáde bí ìgbà tí ẹhànnà bá kùn: bọ́ọ̀sì ló dé tó fa bíréèkì. Títí dòní, Lewton bus ni àwọn onífíìmù ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí Val Lewton ló gbé fíìmù náà jáde. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má fi í ṣẹ̀sín kí ẹ sì kọjá. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: ṣé ńṣe ni wọ́n tú wa lára kí wọ́n lè tètè kọlù wá, àbí wọ́n ń kọ́ wa pé ìró kì í ṣe ẹ̀rí?

Ìdákẹ́jẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú The Shining (1980), ọmọ kékeré ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kiri ọ̀ọ̀dẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tó ṣófo. Bó bá wà lórí pákó, ariwo ńlá. Bó bá gun kápẹ́ẹ̀tì, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ariwo, ìdákẹ́jẹ́, ariwo, ìdákẹ́jẹ́, títí a ó fi máa bẹ̀rù igun tó kàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo bí wọ́n ṣe gé e

Bí fíìmù bá ń gé láti ibì kan sí ibòmíràn léraléra, a ti mọ̀ lọ́kàn wa pé àwọn ibi méjèèjì fẹ́ pàdé. Àṣà yìí ni Jonathan Demme fi mú wa nínú The Silence of the Lambs (1991). Àwọn òṣìṣẹ́ FBI, ìyẹn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ń wá apànìyàn kan, wọ́n sì yí ilé kan ká. Ọ̀kan nínú wọn múra bí ẹni tó wá fi òdòdó jíṣẹ́, ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gé e: nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, aago dún, apànìyàn náà gbé orí sókè. Wọ́n gé e padà: olódòdó tún tẹ̀ ẹ́. Apànìyàn ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. FBI já ilẹ̀kùn wọlé. Apànìyàn ṣílẹ̀kùn, Clarice Starling, akẹ́kọ̀ọ́ FBI, ló dúró níbẹ̀, òun nìkan. Ilé òfìfo ni FBI já wọ̀, ní ìlú mìíràn.

Ẹ dá a padà, kí ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni purọ́ fún wa. Kò sí. Aago méjì ni, ilé méjì ni, àwa la so wọ́n pọ̀. Ìwé ìmọ̀ yín yóò wá fi hàn pé lójú ẹsẹ̀ tí ilẹ̀kùn ṣí, a bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tàn, a bọ́ sínú ìfòyà: àwa mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, Starling kò mọ̀. Ìgbà tí labalábá alẹ́ kan, irú èyí tí apànìyàn náà ń sìn, fò kọjá nínú yàrá tí ó sì bà, ni òun náà tó mọ̀. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìmọ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà iná kú nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, apànìyàn dé awò tí wọ́n fi ń ríran lókùnkùn, ojú tirẹ̀ tó ń ríran ní àwọ̀ ewé la sì fi ń wo Starling tó ń na ọwọ́ tá ògiri. Ọwọ́ apànìyàn nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Àwa àti ọ̀tá la ń ríran, òun kò ríran, ojú ọ̀tá sì ni wọ́n há wa mọ́. Mi ò mọ ìran mìíràn tó yí ìmọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́ tó báyìí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ má kàn fún ẹ̀dá ìtàn lórúkọ

Ẹ ó bá àwọn tí ẹ ti mọ̀ pàdé: ọlọ́pàá tí kò gba ọ̀rọ̀ gbọ́, ọ̀rẹ́ aláwàdà tó máa kọ́kọ́ kú, ọmọbìnrin tó máa kù gbẹ̀yìn. Carol Clover, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló pe ẹni ìkẹyìn yìí ní Final Girl nínú àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1987. Kò tó kí ẹ kàn kọ pé "Laurie nínú Halloween jẹ́ Final Girl". Ẹ sọ ohun tó mú un yàtọ̀: òun ló ń rí apànìyàn náà lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn ọgbà, lẹ́bàá aṣọ tí wọ́n sá, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ẹni tó ń kíyè sí nǹkan ló yè. Ẹ wá rí ìdí tí ọlọ́pàá kì í fi í gbà gbọ́, tí fóònù kì í sì í ṣiṣẹ́: bí ohun tí ẹ̀dá ìtàn mọ̀ bá tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, fíìmù parí.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ kọ ọ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tí ẹlòmíràn lè bá yín jiyàn lé lórí. "Olùdarí lo òkùnkùn láti dẹ́rù bani" kò ní alátakò, nítorí náà kò ní ìwúlò. "Òjìji ẹ̀yìn kọ́tìnì jẹ́ kí a mọ̀ ṣáájú Marion, ìdí nìyẹn tí ìran náà fi ti ń bani lẹ́rù kí ọ̀bẹ tó yọ" ní alátakò, ẹ sì lè fi shot gbè é lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣàpèjúwe shot kan tàbí méjì bí ẹni pé ẹni tó ń kà á kò wo fíìmù náà rí, ẹ kọ ìṣẹ́jú tó wà sí i, kí ẹ sọ ohun tó yí padà nínú ìwé ìmọ̀.

Kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ mú ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan tí ẹ lò, kí ẹ fojú inú yọ ọ́ kúrò nínú ìran náà. Bí wọ́n bá yọ shot yẹn, tí orin yẹn kò sì dún, ṣé a ṣì máa mọ ohun kan náà ní àkókò kan náà? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́, kí ẹ padà sórí ìlà àwọn shot yín láti wá òmíràn.